Akọ òdòdó, abo òdòdó: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí igi àti òdòdó inú ọgbà

Igi tanná rẹpẹtẹ, kò so. Igi ẹlòmíràn ń so títí èso rẹ̀ fi ń ba ilẹ̀ jẹ́, onílé sì ti ń wá ẹni tí yóò gé e. Nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì, inú òdòdó ló yẹ kí a kọ́kọ́ wò kí a tó gbé àdá, tàbí kí a tó lọ bá ẹni tó ta igi fún wa jà. Igi àti òdòdó tó wọ́pọ̀ lágbàlá ilé nílẹ̀ Yorùbá la gbájú mọ́ níbí. Àwọn tó wà ní ìlú Ọba ní ìbéèrè kan tiwọn nísàlẹ̀.

Ṣé gbogbo òdòdó ló ní akọ àti abo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀?

Rárá o. Èyí tó pọ̀ jù nínú òdòdó tí a ń gbìn fún ẹwà jẹ́ takọtabo: akọ àti abo ń gbé inú òdòdó kan náà. Hibiscus, Ixora, Allamanda, flamboyant, akòko àti pẹ́rẹ́gún wà nínú wọn. Ẹni tó bá ń wá akọ hibiscus kiri kí èyí tó wà nílé rẹ̀ lè so, owó ló ń fi ṣòfò.

Àwọn kan ní akọ òdòdó lọ́tọ̀, abo òdòdó lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n orí igi kan náà ni méjèèjì wà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ, àgbọn, croton, jinwínìnì àti bọ̀tujẹ̀ ṣe rí. Àwọn mìíràn pín igi mọ́ra wọn lọ́wọ́: igi kan jẹ́ akọ látòkè délẹ̀, èkejì jẹ́ abo. Ìrókò nìyẹn, àti igi déètì, àti sago tí wọ́n ń gbìn síwájú ilé. Ọ̀wọ́ kẹrin ló ń da ènìyàn láàmú jù. Máńgòrò, kajú àti fúrúùtù ní òdòdó takọtabo, àmọ́ òdòdó tó jẹ́ akọ lásán wà láàárín wọn lọ súà. Ìbẹ́pẹ ní tirẹ̀ kò gbà kí a fi í sójú kan, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gùn nísàlẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá akọ ni òdòdó tó wà lọ́wọ́ mi tàbí abo?

Ẹ já òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là láàárọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ fi bíléèdì là á sí méjì láti ẹnu dé ìdí. Nǹkan mẹ́ta lẹ ń wá.

Àkọ́kọ́ ni ìyẹ̀, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú tó sábà máa ń pọ́n bíi ìyeyè. Inú àpò kéékèèké tó wà lórí fọ́nrán tín-ín-rín ló máa ń wà, iṣẹ́ akọ sì ni. Èkejì ni ilé ọmọ, ibi tó wú ní ìdí òdòdó. Bí ẹ bá là á, ẹ ó rí ẹyin funfun wíńníwínní nínú rẹ̀, abo nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni ẹnu ilé ọmọ, tó wà lórí ọ̀pá kékeré tó yọ láti ilé ọmọ wá. Ó máa ń lẹ̀ tàbí kó ní irun, torí ibẹ̀ ni ìyẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí kí èso tó lè dúró.

Bí òdòdó bá kéré jù fún ojú, ẹ fi kámẹ́rà fóònù fà á súnmọ́. Fún ìyẹ̀, ẹ gbọn òdòdó náà sórí aṣọ dúdú, yóò hàn kedere. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀tàn kan: abo òdòdó mìíràn máa ń ní àpò ìyẹ̀, ṣùgbọ́n àpò òfìfo ni. Bí aṣọ dúdú kò bá gba nǹkan kan, tí ilé ọmọ sì sanra, abo ni. Akọ náà lè ní ilé ọmọ tó rán, tí kò ní ẹyin kankan nínú.

Òdòdó kan ṣoṣo kò tó láti fi sọ irú ẹni tí igi jẹ́. Ẹ já bíi mẹ́wàá láti oríṣiríṣi ẹ̀ka, kí ẹ sì tún padà wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ọ̀pẹ pàápàá lè fi oṣù púpọ̀ yọ akọ nìkan kó tó yọ abo.

Ìbẹ́pẹ mi ń tanná láti ọdún tó kọjá, kò so ẹyọ kan. Kí ló dé?

Ibi tí òdòdó náà ti yọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí òdòdó bá pọ̀ lórí okùn gígùn tó ń fì nísàlẹ̀ ewé, tó yẹ̀ka yẹ̀ka, tí okùn náà sì lè gùn tó mítà kan, akọ ìbẹ́pẹ lẹ ní. Òdòdó rẹ̀ tín-ín-rín bíi fèrè, ìyẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò sí ilé ọmọ gidi.

Abo ìbẹ́pẹ kì í fi òdòdó sórí okùn gígùn. Ara igi gan-an ni òdòdó rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́, lábẹ́ ọrùn ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan tàbí méjì sí mẹ́ta. Ó tóbi, ìdí rẹ̀ yọ kùbẹ́kùbẹ́, ewé òdòdó márùn-ún tó yí i ká kò so pọ̀ mọ́ra wọn. Bí ẹ bá ya wọn, ẹ ó bá ilé ọmọ roboto tí ẹnu rẹ̀ pín sí márùn-ún, kò sì sí ìyẹ̀ kankan níbẹ̀.

Takọtabo wà láàárín méjèèjì. Ẹ̀bá igi lòun náà máa ń wà, ṣùgbọ́n ó gùn ju ti abo lọ, ìdajì ìsàlẹ̀ ewé òdòdó rẹ̀ so pọ̀, ilé ọmọ rẹ̀ gùn gbọọrọ, àpò ìyẹ̀ sì yí i ká. Èso ló ń fi wọ́n hàn lọ́jà: ìbẹ́pẹ roboto tí inú rẹ̀ ṣófo púpọ̀ wá láti ara abo, èyí tó gùn tí ẹran rẹ̀ nípọn wá láti ara takọtabo.

Bí abo lẹ ní, tí òdòdó rẹ̀ sì ń rẹ̀ dànù, ìyẹ̀ ni kò rí gbà. Ó lè jẹ́ pé kò sí akọ tàbí takọtabo ìbẹ́pẹ kankan ládùúgbò, tàbí kó jẹ́ pé oògùn apakòkòrò tí ẹ ń fín nírọ̀lẹ́ ló ń pa àwọn àfòpiná. Àwọn gan-an ló ń gbé ìyẹ̀ ìbẹ́pẹ kiri nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Nígbà mìíràn, abo tí kò rí ìyẹ̀ gbà yóò so èso kékeré tí kò ní kóró. Èyí kò túmọ̀ sí pé àìsàn wà lára rẹ̀.

Wọ́n ní bí a bá kan ìṣó mọ́ akọ ìbẹ́pẹ lára, tàbí tí a bẹ́ ẹ lórí, yóò di abo. Ṣé òótọ́ ni?

Ìṣó kì í sọ akọ di abo. Inú kóró ni a ti pinnu ohun tí ìbẹ́pẹ yóò jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí fún ènìyàn. A mọ ohun tó ń mú àwọn ènìyàn gbà á gbọ́, ṣá. Akọ ìbẹ́pẹ kan wà tó jẹ́ pé bí ojú ọjọ́ bá yí padà, tàbí bí ìyà bá jẹ ẹ́, òdòdó mélòó kan lára rẹ̀ yóò ní ilé ọmọ gidi, yóò sì so èso díẹ̀ ní ìdí okùn gígùn yẹn. Ẹni tó kan ìṣó ní oṣù tó ṣáájú yóò rò pé ìṣó òun ló ṣiṣẹ́. Nígbà tó bá fi máa di àsìkò mìíràn, igi náà ti padà sí akọ rẹ̀.

Bíbẹ́ orí máa ń mú kí igi yẹ̀ka, ojú ibi tí a ti bẹ́ ẹ sì máa ń gba omi òjò títí yóò fi jẹrà wọnú. Bí àyè bá wà, ẹ fi akọ kan sílẹ̀ fún abo mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù, ẹ hú wọn kúrò kí wọ́n má bàa máa jẹ ajílẹ̀ lásán.

Ṣé mo lè mọ akọ ìbẹ́pẹ láti ìgbà tó wà nínú ọ̀rá?

Ojú kò lè dá a mọ̀. Wọ́n máa ń sọ pé kóró tó dúdú jù ni akọ, tàbí pé èyí tí gbòǹgbò rẹ̀ bá lọ tààrà ni. Kò sí èyí tó ṣeé gbára lé. Ẹni tó bá ta irúgbìn ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà fún yín tó sì búra pé abo ni, ó ń sọ ohun tí kò mọ̀.

Èyí tó ṣeé ṣe ni kí ẹ mọ ibi tí kóró ti wá. Bí abo bá gba ìyẹ̀ lára akọ, nǹkan bí ìdajì ọmọ wọn yóò jẹ́ akọ, ìdajì yóò jẹ́ abo. Bí takọtabo bá gba ìyẹ̀ ara rẹ̀, takọtabo 2 ni yóò wà sí abo 1, kò sì ní sí akọ rárá. Bí abo bá gba ìyẹ̀ takọtabo, ìdajì abo, ìdajì takọtabo. Ṣùgbọ́n bí takọtabo bá gba ìyẹ̀ akọ, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò wà níbẹ̀ dọ́gbadọ́gba. Ìdí nìyí tí kóró inú ìbẹ́pẹ gígùn tí a rà lọ́jà fi lè yọ akọ: a ò mọ ẹni tó gbé ìyẹ̀ wá sí ìdí igi ìyá rẹ̀.

Bí ẹ kò bá mọ orísun kóró, ẹ gbin irúgbìn 3 sí ojú kan, kí àlàfo 30 sẹ̀ǹtímítà wà láàárín wọn, kí ojú kan sì jìnnà sí èkejì tó mítà 2.5 sí 3. Ẹ má ṣe yọ ìkankan títí wọn yóò fi tanná, èyí tó máa ń jẹ́ láàárín oṣù 4 sí 8 bí ilẹ̀ àti omi bá ṣe rí. Lẹ́yìn náà ẹ fi èyí tó dára jù sílẹ̀, kí ẹ gé àwọn yòókù lẹ́bàá ilẹ̀. Ẹ má hú wọn tu, kí gbòǹgbò èyí tó kù má bàa gbọ̀n. Bí kóró tó jẹ́ ìdajì akọ ìdajì abo bá lẹ gbìn, ojú 1 nínú 8 ni gbogbo irúgbìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè já sí akọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń ka iye irúgbìn tí ẹ fẹ́ rà.

Ìbẹ́pẹ mi ti ń so tẹ́lẹ̀, nísinsìnyí èso rẹ̀ ń wọ́, tàbí kò so mọ́. Ṣé ó ti di akọ?

Takọtabo ni yóò jẹ́. Abo kì í yí padà, ṣùgbọ́n ara takọtabo kò lélẹ̀. Bí oòrùn bá mú jù, tí omi sì wọ́n, ilé ọmọ inú òdòdó rẹ̀ yóò rán, òdòdó yẹn yóò ṣe bí akọ, yóò sì já bọ́. Bí òjò bá pọ̀, tí ilẹ̀ tutù, tàbí tí ajílẹ̀ tó ní náítírójìn bíi yúríà bá pọ̀ jù nídìí rẹ̀, àpò ìyẹ̀ yóò lẹ̀ pọ̀ mọ́ ilé ọmọ, èso yóò sì jáde ní oníhorò, bí ojú tó fún pọ̀.

Ẹ bomi rin ín déédéé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kí koríko náà jìnnà sí ara igi díẹ̀ kí ó má bàa jẹrà. Ẹ dín yúríà kù. Èso tó wọ́, ẹ já a nígbà tó ṣì kéré. Òdòdó tó máa yọ lẹ́yìn oṣù mélòó kan yóò dára bí ohun tó ń ni igi lára bá ti kúrò.

Báwo ni mo ṣe lè fi ọwọ́ gbé ìyẹ̀ fún abo?

Fún ìbẹ́pẹ, nírọ̀lẹ́, ẹ wá òdòdó abo tó ti wú tí yóò là lọ́jọ́ kejì, kí ẹ fi ọ̀rá tí ẹ ti lu ihò sí lára tàbí àpò pépà bò ó. Lówùúrọ̀, ẹ já akọ òdòdó mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ẹ ya ewé òdòdó wọn dànù kí àpò ìyẹ̀ yọ síta. Ẹ fi ìyẹ̀ náà ra ẹnu ilé ọmọ abo, gbogbo ẹ̀ka márààrún, torí bí ìyẹ̀ bá débì kan ṣoṣo, èso lè wú sí apá kan kó sì fẹ̀gbẹ́ kan rán. Ẹ tún bò ó fún ọjọ́ 2. Bí ó bá gbà á, ilé ọmọ yóò máa tóbi sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Bí kò bá gbà á, yóò pọ́n, yóò sì bọ́.

Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tí a fi ń kun àwòrán tó fún òdòdó mìíràn. Kí búrọ́ọ̀ṣì gbẹ, kí ọwọ́ náà gbẹ, nítorí ìyẹ̀ tó bá rin omi kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Ìdí kan náà ni òdòdó tó là lábẹ́ òjò gbọọrọ kì í sábà dúró.

Máńgòrò mi kún fún òdòdó, gbogbo rẹ̀ sì ń já bọ́. Akọ ni?

Kò sí akọ igi máńgòrò. Ṣírí òdòdó kan lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó, akọ lásán sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Iṣẹ́ wọn tán nígbà tí ìyẹ̀ wọn bá tán, wọ́n gbọ́dọ̀ já bọ́. Nínú gbogbo òdòdó ṣírí kan, èyí tí yóò di èso tó pọ́n kì í sábà tó 1 nínú 100. Bí èso kan tàbí méjì bá dúró lórí ṣírí kọ̀ọ̀kan, igi náà ti ṣe bẹbẹ.

Bí ṣírí náà bá dúdú, tó dà bíi pé iná jó o, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Àìsàn olú tó ń tẹ̀ lé òjò àti ìrì ni, ó sì máa ń jẹ òdòdó àti èso wẹ́wẹ́. Ẹ gé ẹ̀ka inú igi tó há kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, ẹ kó ṣírí gbígbẹ ọdún tó kọjá dànù. Bí ẹ bá fẹ́ fín oògùn, ẹ fín in kí òdòdó tó là. Eṣinṣin ló ń gbé ìyẹ̀ máńgòrò jù, apakòkòrò tí ẹ bá fín sórí òdòdó tó là yóò pa wọ́n. Ẹni tó bá sì ń lé eṣinṣin kúrò nídìí máńgòrò tó ń tanná kò mọ̀ pé alágbàṣe òun lòun ń lé.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀pẹ àti àgbọn?

Ọ̀pẹ kan náà ni akọ àti abo, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò yọ ṣírí akọ léraléra fún àkókò kan, yóò sì wá yí sí abo. Ṣírí akọ dà bí àwọn ìka gígùn tó kún fún ìyẹ̀, òórùn dídùn tó lágbára sì ń jáde lára rẹ̀. Ṣírí abo le, ó ní ẹ̀gún, òun ló ń di ìdì ẹyìn ní nǹkan bí oṣù 5 sí 6 lẹ́yìn tó bá gba ìyẹ̀.

Ọ̀pẹ tó ń yọ akọ nìkan ti jìyà sẹ́yìn ni. Nǹkan bí ọdún 2 kí ṣírí tó là ni igi ti ń pinnu bóyá akọ ni tàbí abo, àìtó omi àti gígé imọ̀ ọ̀pẹ ní àgéjù sì ń tì í sí ọ̀nà akọ. Nítorí náà ẹni tó gé imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ kù díẹ̀ kí ilé lè mọ́ lójú, ìyà rẹ̀ yóò dé lẹ́yìn tó bá ti gbàgbé.

Kòkòrò kékeré onímú gígùn ló ń gbé ìyẹ̀ ọ̀pẹ. Inú ṣírí akọ ló ń bímọ sí, òórùn tó jọ ti akọ ló sì ń tàn án lọ sọ́dọ̀ abo. Nígbà tí wọ́n kó ọ̀pẹ láti Áfíríkà lọ sí Malaysia, wọn kò kó kòkòrò yìí dání, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń gbé ìyẹ̀ títí di 1981 tí wọ́n fi mú un wá láti Kamẹrúùnù. Àwọn òṣìṣẹ́ NIFOR, ilé ìwádìí ọ̀pẹ tó wà nítòsí ìlú Benin, ṣì ń fi ọwọ́ gbé ìyẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń pèsè irúgbìn, kí wọ́n lè mọ bàbá àti ìyá.

Ti àgbọn rọrùn láti rí. Lórí ṣírí kan ṣoṣo, akọ wíńníwínní tó pọ̀ jàǹtìrẹrẹ wà lápá òkè ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, abo díẹ̀ tó rí roboto bíi bọ́tìnì sì wà nísàlẹ̀. Lára àgbọn gíga, akọ máa ń tán kí abo tó ṣetán láti gba ìyẹ̀, ìyẹn ló fi máa ń gbà lára igi mìíràn. Àgbọn kúkurú lè gba ìyẹ̀ ara rẹ̀. Bí bọ́tìnì kan bá bọ́ lára ọ̀pọ̀, ẹ má foyà, igi ń yan iye tí agbára rẹ̀ gbé ni. Bí gbogbo wọn bá ń bọ́, omi àti ajílẹ̀, pàápàá pọ́táṣì, ni kí ẹ wò.

Irun funfun kan ń yọ lórí croton mi. Ṣé kòkòrò ni?

Òdòdó ni. Okùn tó ní òdòdó funfun bíi irun ni akọ. Okùn kejì, tí òdòdó rẹ̀ kéré, tó rí bíi ewé títutù tí kò sì ní irun, ni abo. Ewé ni a gbin croton fún, ẹ gé méjèèjì kí agbára lè padà sínú ewé. Oje rẹ̀ máa ń mú awọ ara yún, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Jinwínìnì náà ní irú okùn méjì bẹ́ẹ̀: ti akọ tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fì, ti abo kúrú jù.

Ẹbí jinwínìnì kan wà tí òdòdó rẹ̀ rí bí ìrù ológbò pupa tó ń fì. Acalypha hispida ni orúkọ rẹ̀. Ìrù pupa yẹn, abo ni látòkè délẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ àwọn olódòdó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ abo tán, torí ẹ̀ka ni wọ́n fi ń gbìn ín, akọ kò sì sí nítòsí. Ẹ má dúró de kóró lára rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀ka tó gùn tó 10 sí 15 sẹ̀ǹtímítà, ẹ já ewé ìsàlẹ̀, ẹ tì í sínú yanrìn tó tutù lábẹ́ ìbòòji.

Sago mi yọ nǹkan ńlá kan láàárín. Kí ni?

Sago, Cycas revoluta, kò bá ọ̀pẹ tan bó tilẹ̀ jọ ọ́, kò sì ní òdòdó gidi. Akọ rẹ̀ máa ń yọ ohun gígùn oníyeyè tó dúró ṣánṣán, tó lè ga ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ. Abo máa ń yọ ohun roboto onírun tó tẹ́jú bí ìtẹ́ ẹyẹ, kóró pupa rẹ́súrẹ́sú sì ń wà láàárín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà kí sago tó tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí bí olódòdó ṣe lè sọ irú èyí tó kéré jẹ́ fún yín, àfi bó bá jẹ́ pé ara igi ńlá tó ti mọ̀ ló ti ya á. Ọmọ tó hù ní ìdí akọ, akọ ni. Tó hù ní ìdí abo, abo ni.

Bí ọmọdé tàbí ajá bá wà nílé, ẹ gé ohun roboto abo kí kóró rẹ̀ tó pọ́n. Gbogbo ara sago ní májèlé, ti kóró sì burú jù, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Ajá tó bá jẹ ẹ́, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, ẹ má dúró wò ó bóyá yóò bì. Gígé rẹ̀ kì í pa igi náà, kìkì kí ẹ má fi ọ̀bẹ kan ọkàn àárín.

Ìrókò ńkọ́?

Igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni akọ àti abo ìrókò. Akọ ń yọ okùn tẹ́ẹ́rẹ́ funfun tó ń fì, tó lè gùn tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà. Ti abo kúrú, ó sanra, ó sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Atẹ́gùn ló ń gbé ìyẹ̀ rẹ̀. Àdán ló ń jẹ èso abo tí ó sì ń tu kóró rẹ̀ káàkiri, torí náà bí àdán bá ń rọ́ wá sórí ìrókò kan lálaalẹ́ nígbà èso, abo ni. Ẹni tó fẹ́ ṣa kóró ìrókò láti gbìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ èwo ni abo, nítorí ìdí akọ ni àwọn kan ń gbálẹ̀ kiri sí.

N kò rí òdòdó ọ̀dán rí, ṣùgbọ́n ó ń so. Báwo?

Inú ohun tí ẹ ń pè ní èso ni òdòdó wà. Ẹ la ọ̀kan tó ṣì tutù, ẹ ó rí òdòdó wíńníwínní tó to ara ilé inú. Agbọ́n kékeré kan tó tó orí abẹ́rẹ́ ló ń gba ihò ẹnu rẹ̀ wọlé pẹ̀lú ìyẹ̀, irú ọ̀dán kọ̀ọ̀kan ló sì ní agbọ́n tirẹ̀. Ficus (ẹbí ọ̀dán) àjèjì tí agbọ́n tirẹ̀ kò sí nítòsí lè yọ èso, ṣùgbọ́n kóró rẹ̀ kì í hù.

Èwo gan-an ni òdòdó lára bougainvillea?

Ohun funfun kékeré tó wà láàárín. Ewé ni àwọn mẹ́ta aláwọ̀ tó yí i ká. Òdòdó náà jẹ́ takọtabo, nítorí náà bí ọgbà yín kò bá ní àwọ̀, ẹ má wá akọ. Oòrùn tó tó wákàtí 6 lójúmọ́ àti omi tó dínkù ló ń fẹ́.

Ṣé igi déètì lè so ní Èkó tàbí Ìbàdàn?

Ó lè tanná, bí akọ àti abo bá sì wà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí so. Òjò àti ọ̀rinrin ni kì í jẹ́ kí èso rẹ̀ pọ́n dáadáa lọ́dọ̀ wa. Ní ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ti ń gbìn ín fún ọjà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé ìyẹ̀: wọn yóò gé ẹ̀ka akọ díẹ̀, wọn yóò kì í bọ àárín ṣírí abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là, wọn yóò sì rọra dì í. Akọ kan lè tó fún nǹkan bí abo 50. Bí ẹwà nìkan lẹ fẹ́, ẹ ra èyí tó bá wù yín.

Mo fẹ́ ìbòòji, n kò fẹ́ ìdọ̀tí èso. Kí ni kí n gbìn?

Ọ̀nà kan ni kí ẹ gbin akọ igi tó pín akọ àti abo, kí ẹ sì rí i pé ẹ̀ka tàbí ọmọ ìdí akọ tí a ti mọ̀ ni wọ́n fi gbìn ín, torí kóró kò ṣeé gbára lé. Èyí kò ṣiṣẹ́ fún fúrúùtù. Lórí okùn òdòdó rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, akọ ló kún òkè, takọtabo díẹ̀ sì wà ní ìdí. Kò sí akọ fúrúùtù láti rà, gbogbo rẹ̀ ni yóò so, àdán yóò sì ju èèpo rẹ̀ sórí ọkọ̀ yín. Bí ẹ bá ti gbìn ín tán, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni kí ẹ gbé lọ síbòmíràn.

Ìlú Ọba ni mo wà. Holly tí mo rà fún Kérésì kò ní èso pupa rí.

Igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni akọ àti abo holly, orúkọ tí wọ́n sì kọ sí i lára kò ṣeé tẹ̀ lé. 'Golden King' jẹ́ abo, 'Silver Queen' jẹ́ akọ. Ní nǹkan bí oṣù Karùn-ún, ẹ wo òdòdó funfun rẹ̀: bí ohun roboto aláwọ̀ ewé bá wà láàárín, abo ni, bí fọ́nrán mẹ́rin tó ní ìyẹ̀ ìyeyè bá yọ síta, akọ ni, kò sì ní so láéláé. Abo nílò akọ nítòsí, èyí tó wà lọ́gbà aládùúgbò pàápàá lè tó, torí oyin ń gbé ìyẹ̀ rẹ̀. Bí àyè yín kò gba méjì, ẹ béèrè fún 'J.C. van Tol', abo tó lè so láìsí akọ.

Skimmia, igi kékeré kan tí wọ́n ń gbìn sọ́gbà níbẹ̀, náà rí bẹ́ẹ̀. 'Rubella' tí wọ́n ń tà jù nígbà òtútù, tí irúdí rẹ̀ pupa, akọ ni. Ẹ fi abo kan tì í, tàbí kí ẹ ra Skimmia reevesiana, tó jẹ́ takọtabo. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi èso méjèèjì sẹ́nu. Ní ti ginkgo, akọ tí wọ́n fi ẹ̀ka rẹ̀ gbìn ni kí ẹ rà, nítorí kóró abo tó bá jábọ́ máa ń rùn bíi èébì, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè kọjá kí igi náà tó fi irú ẹni tó jẹ́ hàn.